Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Tí Kẹ́rẹ́ Kì í Gé Jẹ

Bí ẹ bá dé ilé wa ní Igbódìgò nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ẹ tó rí ẹnikẹ́ni, òórùn epo pupa ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Epo ni iṣẹ́ wa. Bàbá mi ń kọ ẹyìn, màmá mi ń se é, ìyá bàbá mi sì ni ọ̀gá ẹkù, ibi tí a ti ń tẹ ẹyìn lẹ́yìn ilé. Ìyé ni gbogbo wa ń pè é. Ìró tó ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe ti àkùkọ, ti òkúta Ìyé ni, níbi tó ti ń pa ẹ̀kùrọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: kò, kò, kò, á dákẹ́ díẹ̀ kó lè ju ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá, á tún bẹ̀rẹ̀. Epo wà lára ògiri, ó wà lára ìwé mi, ó wà lára aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀ gan-an, ọṣẹ dúdú ni, àdín ẹ̀kùrọ́ àti eérú ìdì ẹyìn tó ti ṣófo ni Ìyé fi ń ṣe é. Nítorí náà, bí a bá wẹ̀ tán, òórùn ọ̀pẹ náà ló tún kù lára wa, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ òórùn ilé ara rẹ̀? Èdè Ìkálẹ̀ ni Ìyé ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé, kí ẹ̀yin ará òkè má baà sọ pé mò ń fi èdè dí yín lójú.

Ọdún tí mò ń rántí yìí ni ọdún tí màmá mi lóyún àbúrò mi ọkùnrin. Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀ ṣáájú, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbàgbé. Ẹ̀rù la fi ń gbé ilé lọ́dún yẹn. Màmá kò gbọdọ̀ rìn nínú oòrùn ọ̀sán láìfi pínnì sí etí ìró rẹ̀. Èmi kò gbọdọ̀ súfèé. A kò gbọdọ̀ ju omi síta bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí Màmá bá jókòó lórí àpótí tó sì pẹ́ kó tó dìde, Ìyé á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á máa wò ó. Bàbá mi, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi ti oyún yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé, mi ò mọ ohun tí à ń bẹ̀rù gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àgbà máa ń ran ọmọ bí ìgbóná ni.

Yàrá iwájú ilé wa, tíṣà kan ló háyà rẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa láti kọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí kò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ó sì ń sọ Yorùbá tí ẹnu wa kò lè sọ. Inú rẹ̀ kì í gba epo pupa, bó bá jẹ ẹ́ àyà á máa ta á, nítorí náà òróró ló fi ń sebẹ̀. Ẹ gbọ́ mi: ènìyàn wá gbé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nínú ilé elépo, ó ń ra òróró! A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìyé a ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ibi tí a bá bí ni sí ni ìfun ni ti mọ oúnjẹ." Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé ìwé mi lọ sí yàrá rẹ̀, ó ń múra mi sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Bọ̀sẹ̀dé, orí rẹ pé." Karosíìnì wọ́n gógó lásìkò náà, ṣùgbọ́n á tan àtùpà rẹ̀ fún mi, kò sì fìgbà kan bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ti oko dé, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ òjò ló bi ọ̀pẹ kan ṣubú, ìyá ẹran kan kú sábẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń ké nínú ihò igi náà. Mo wò ó, mo rí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá ní, "Dúró ná." Ó fi ìka fa ọwọ́ ẹran náà jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni awọ kan là sílẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Lábẹ́ ìrù rẹ̀, ìpẹ́ líle wà níbẹ̀ bí ti ẹja. "Irú wọn ló máa ń fò láti orí igi dé orí igi lálẹ́," ni Bàbá wí. Màmá Ṣọlá, aládùúgbò wa tó máa ń wá ra epo, yọjú sí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kì í ṣe eku, kì í ṣe ẹyẹ. Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ gbé nǹkan yìí padà síbi tí ẹ ti rí i o." Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀, pé àdán náà ò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lóde wọn. Èmi bẹ̀bẹ̀, mo sunkún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ ní Kẹ́rẹ́. Mo fi òwú bọ inú ògì, ó ń fà á mu. Agbọ̀n ọlọ́mọrí la fi ṣe ilé rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò sùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bí adìẹ bá ti ń wọlé ló máa ń jí, èékánná rẹ̀ á máa họ agbọ̀n: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ẹyìn ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti rí ẹyìn tó pọ́n, orí rẹ̀ dàrú nìyẹn.

Ìgbà tí eyín rẹ̀ gún ni wàhálà dé. Èmi ló kọ́kọ́ gé jẹ. Mo na ọwọ́ sí i bí mo ti máa ń ṣe, ó gbóòórùn ìka mi, ó sì gé e wọlé dé ibi tí mi ò mọ̀ pé ìka ní. Mo fa ọwọ́ yọ kíákíá, ẹran ara mi sì ya. Lẹ́yìn ìyẹn ó gé Bàbá jẹ, ó gé Màmá jẹ, ó gé Ìyé jẹ ní àtàǹpàkò. Oníkálukú ló ní oògùn tirẹ̀. Bàbá ní kí n máa ta á nímú, òun fúnra rẹ̀ ta á nímú, ẹran náà sì tún gé e jẹ lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó kàn ń ṣẹ́jú ni. Ìyé ló wá fi ọgbọ́n àgbà yanjú ẹ̀: ata. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń gé ọmú jẹ, ṣebí nǹkan kíkorò la fi ń lé e. Ó lọ ata wẹ́wẹ́, ó sì fi epo díẹ̀ pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ ìka mi dáadáa. Mo na ìka náà. Kẹ́rẹ́ lá epo náà tán, ó sín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wá gé ìka jẹ lórí ata. Ẹ̀yin èèyàn mi, oró ata nínú ojú egbò! Màmá fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ fún mi, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo tún na ọwọ́, ó tún gé e jẹ. Síbẹ̀ èmi ni mo gbà á tọ́jú, iṣẹ́ mi ni láti fún un lóúnjẹ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo ti wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹyìn lọ́wọ́. Mo máa ń dúró níwájú agbọ̀n yẹn bí ẹni tí wọ́n ní kó wọ inú odò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

Ìrọ̀lẹ́ kan, Àǹtí Àbẹ̀ní jáde láti gbọn ìdọ̀tí ara ẹní rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. "Kí ló dé? Ẹran kékeré yìí náà ni?" Kí n tó sọ pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà, ó ti ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n. Kẹ́rẹ́ gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rìn gba inú apá aṣọ rẹ̀ lọ sókè, ó sì ká jọ sínú kòtò ọrùn rẹ̀. Kò gé e jẹ. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A pariwo, a pe gbogbo ilé wá wò ó. Bàbá ní, "Ọwọ́ tíṣà rọ̀, kò dà bí tiwa." Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Inú wa dùn sí i, àfi ìgbà tí Màmá Ṣọlá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé láti ra epo, tó bá Àǹtí níbi tó ti gbé ẹran sí èjìká. Kò sọ nǹkan kan títí Àǹtí fi wọlé. Nígbà náà ló wá rọra sọ fún Ìyé pé, "Ìyé, gbogbo ilé yìí ló ń gé jẹ, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́ ọ náà. Àfi ẹni kan." Ìyé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Màmá Ṣọlá ní, "Ẹran tó ń fò lálẹ́ ni o. Ajá kúkú mọ olówó rẹ̀." Ó san owó epo rẹ̀, ó sì lọ.

Gbólóhùn yẹn tó. Láti ọjọ́ náà ni ojú Ìyé ti yí padà. Gbogbo nǹkan tí a ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀rí. Kò jẹ epo: epo tí a ń fún ẹni tó jẹ májèlé mu, epo tó ń pa oró, ẹni tí kò lè jẹ ẹ́, kí ló ń sá fún? Ó ń rẹ́rìn-ín ní òun nìkan nínú yàrá: ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kò lọ́kọ, kò bímọ, ó sì máa ń bi Màmá léèrè bóyá ọmọ náà ti ń yí: kí ló kàn án? Ìyé ní kí Màmá gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá tó fara ti ti Àǹtí, kó wá máa sùn lọ́dọ̀ òun. Bí Àǹtí bá bu oúnjẹ fún wa, a ó gbà á tẹ̀rín tọ̀yàyà, a ó sì lọ dà á sẹ́yìn ẹkù. Láàárọ̀ kan inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Màmá, ó dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Kí inú náà tó rọ̀, Ìyé ti wo ilẹ̀kùn yàrá iwájú lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà. Mo ṣì ń lọ kàwé, ṣùgbọ́n etí ẹní ni mo ń jókòó sí, mo ń wo òjìji rẹ̀ lára ògiri, mo ń wò ó bóyá ó ń ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò ṣe. "Bọ̀sẹ̀dé, ṣé ara rẹ ò yá ni?" "Ara mi yá, mà." Á gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí láti mọ̀ bóyá ibà ni, ara mi á sì le gbagidi.

Ìyé jẹ́ ìyá ìjọ, kò sì ní í lọ sílé oníṣègùn kankan. Sáàmù ni ohun ìjà rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kó wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí fèrèsé Àǹtí gan-an, a ó máa ka Sáàmù àwọn ọ̀tá, a ó máa gbàdúrà pé kí ẹni tó ń lépa ọmọ inú ilé yìí fìdí rẹmi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, kí ilé yìí pọ̀ ọ́ jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí Àǹtí ń ṣe? Ó ń ṣe àmín. Láti inú yàrá rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ ròkè ju tiwa lọ: "Àmín! Àmín ní orúkọ Jésù!" Ó rò pé oyún Màmá là ń gbàdúrà fún, ó sì ń fi gbogbo ọkàn bá wa ṣe é. Bí Ìyé bá gbọ́ àmín yẹn, á na ìka sí fèrèsé náà. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí ó ṣe láyà tó?" Mo ti dàgbà báyìí, mo ti sin òbí, mo ti rí ohun tó ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n àmín yẹn ṣì ń ta mí létí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, mo wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mò ń sẹ́ omi epo. Ìyé àti Bàbá wà nínú. Bàbá ní, "Ìyé, tíṣà ọmọ wa ni. Kí la fẹ́ sọ pé ó ṣe? Pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò gé e jẹ?" Ìyé ní, "Sámúẹ́lì, mo ti bá ẹ gbé ọmọ méjì lọ sínú ilẹ̀. Bí ìkẹta bá tún bọ́, ojú rẹ ni n ó máa wò." Mo gbọ́ tí Bàbá fa àpótí, tó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní ó dáa, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, òun á sọ fún un pé kó kó ẹrù rẹ̀. Ìyé ní kó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú, kí wọ́n má baà lọ fi í sílé onílé mìíràn. Ọwọ́ mi dúró nínú omi epo. Mo ti gbọ́ ìtàn obìnrin kan, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n sọ orúkọ àjẹ́ mọ́ lára. Kò rí ẹni tó máa ta iyọ̀ fún un, àwọn ọmọdé ń sọ òkò lu òrùlé rẹ̀, ọjọ́ tó sì lọ, kò sí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Bí wọ́n bá lé Àǹtí jáde nílé wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ilé tó máa gbà á, orúkọ náà á bá a dé Ìsẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́ tí a fi í sílẹ̀, àbúrò mi á kú. Ibi tí ọpọlọ mi wà nìyẹn, láàárín ẹ̀rù méjì.

Mo wá rí ọ̀nà kan, bí ọmọdé ṣe máa ń rí ọ̀nà. Bí mo bá lè kọ́ Kẹ́rẹ́ kó má gé èmi náà jẹ mọ́, Àǹtí kò ní jẹ́ òun nìkan mọ́. Ta ló máa sọ pé èmi náà jẹ́ àjẹ́? Ìyé kọ́ o. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń ki ọwọ́ bọ agbọ̀n yẹn. Mo di ìkúùkù kó má rí ìka mú, ó gé ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo kọ́ pé kí n má fa ọwọ́ yọ bó bá gé e, nítorí fífà ló ń ya ara. Mo dúró, mo fún eyín mi pọ̀, omi ń dà lójú mi, mo ń sọ fún un pé, "Jọ̀ọ́, Kẹ́rẹ́, jọ̀ọ́." Mo fún un ní igi tútù kó máa họ eyín rẹ̀ sí, ó họ ọ́ tán ó sì padà sórí ìka mi. Mo máa ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ kí n tó lọ, mo rò pé bó bá mọ́ tó, àánú mi á ṣe é. Ọwọ́ mi kún fún egbò, mo ń fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní kíláàsì. Ẹran náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi sì ń bọ̀.

Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ ẹyìn pọ̀ lẹ́kù ju ti ìgbàkígbà lọ. Màmá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kò sì tó. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Àbẹ̀ní jáde, ó ti so ìró àtijọ́ mọ́ àyà. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyé. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. Mi ò lè máa wò yín níran nígbà tí Màmá Bọ̀sẹ̀ ò lè ṣe é." Ìyé ní kó má ṣe wàhálà, pé ọwọ́ tíṣà kọ́ ni ti ẹyìn. Àǹtí ní, "Ẹni tó ń gbé ilé ní ń tún ilé ṣe." Ìyé sún àpótí kan sí i. Àǹtí jókòó láàárín wa láti àárọ̀, ó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀, ẹ̀gún ń gún un, ó ń pariwo, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀sín. A tẹ ẹyìn nínú ẹkù, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú wa, epo dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyé kò kẹ̀yìn sí i ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Bí Àǹtí bá ti yí sí ọ̀dọ̀ Màmá, Ìyé á yí pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí adìẹ ń wọlé, mo gbọ́ èékánná Kẹ́rẹ́: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Mo dìde láti lọ bọ́ ọ. Àǹtí fi ìhá, pàǹtírí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ tán, nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹrẹfu, ó ní, "Jókòó, Bọ̀sẹ̀, ó ti rẹ̀ ọ́. Mo máa fún un lóúnjẹ." Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n bó ti máa ń ṣe.

Igbe tó ké, ará ìlú Àjàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Ó fa ọwọ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Gbogbo wa sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyé ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àǹtí ní, "Ó gé mi jẹ, Ìyé! Yéè, ó gé mi jẹ!" Ìyé ní, "Kí lo wí? Ó gé ta ni jẹ? Gbé ọwọ́ yẹn wá." Ó di ọwọ́ Àǹtí mú, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ tó kù, ó wo ojú eyín náà, ó wo ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà yìí gbé orí sókè, ó sì ké pé, "Olúwa o ṣeun! Ó gé e jẹ! Sámúẹ́lì, ó gé e jẹ o!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó gbé orin ìjọ, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń yí po. Bàbá dì mọ́ òpó, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "A dúpẹ́, a dúpẹ́." Èmi fò mọ́ Àǹtí lẹ́sẹ̀. Òun sì dúró láàárín wa, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí yí padà. Ó wọ yàrá, ó fi ọṣẹ rẹ̀ tó ń ta sánsán fọ ọwọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ di ìka náà, ó sì jáde padà, ó ń gbóòórùn ọwọ́ kejì, ó ń ronú. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti ki ọwọ́ kejì bọ agbọ̀n. Kẹ́rẹ́ gùn ún lọ sí èjìká, kò fi eyín kàn án. Ijó Ìyé dúró lójú ẹsẹ̀. Mo rí i bí ẹ̀rù ti ń padà sí ojú rẹ̀, tó ń sún mọ́ Màmá díẹ̀díẹ̀. Àǹtí ní, "Bọ̀sẹ̀, wá." Ó fi ọṣẹ rẹ̀ fọ ọwọ́ mi, ó fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fọ abẹ́ èékánná, ó rí gbogbo egbò náà, kò sì bi mí léèrè. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi sínú agbọ̀n pẹ̀lú tirẹ̀. Mo di ojú. Mo gbọ́ imú Kẹ́rẹ́ lára ìka mi, ó tutù. Mo ń retí eyín. Ẹsẹ̀ kékeré ló gun àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì jókòó síbẹ̀. Àǹtí ní, "Ẹyìn ni, Ìyé. Òórùn ẹyìn ló wà lọ́wọ́ gbogbo yín, nínú ọṣẹ yín pàápàá. Ẹran yìí ò bínú sí ẹnikẹ́ni, oúnjẹ ló rò pé ó ń jẹ. Ẹ fi ọṣẹ mi fọ ọwọ́ kí ẹ wò ó." Ìyé fọ ọwọ́, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kan iná, Kẹ́rẹ́ sì lá a. Ìyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. "Háà," ló wí. "Háà. Ata olóró tí mo fi epo pò."

Ohun tó kọ́ wa lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ń sin ẹran kéékèèké: ẹ fọ òórùn oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó na án, bó bá gé yín ẹ má fà á, ẹ má lù ú, ẹ wá ìdí tó fi gé yín. Àbúrò mi wáyé láyọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òde-Ìrèlè báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti yọ ju ti Màmá ìgbà náà lọ. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, Ìyé pa adìẹ. Ó fi òróró sebẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ro pupurú, ẹ̀gẹ́ tí a fi iná yan, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ń kọrin. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Nídìí kànga ni Àǹtí ti wá bá mi, ó ń bá mi fa omi pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀sẹ̀, kí ló dé tí Ìyé fi jó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ mi?" Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ìdí tí n kò fi ní sọ ọ́. Ṣebí ó ti parí. Mo ní, "Wọ́n ti rò pé àjẹ́ ni yín ni, mà. Wọ́n ní ẹ fẹ́ gba ọmọ inú Màmá. Bàbá fẹ́ lé yín lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ báyìí pé ẹ kì í ṣe é." Ó gbé korobá náà kalẹ̀ létí kànga. "Àwọn Sáàmù yẹn," ló wí, "èmi lẹ ń kà á fún?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó mi orí. Ó ní ó dáa, ó bá mi gbé omi dé ilé.

Ó jẹun pẹ̀lú wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyé, ó ní ọbẹ̀ náà dùn, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí Bàbá ń sín igbe rẹ̀ jẹ. Mi ò rí nǹkan kan tó yí padà. Nígbà tí a palẹ̀ mọ́ tán, mo gbé ìwé mi, mo lọ sí yàrá rẹ̀ bí mo ti máa ń lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Kò fi irin tì í rí láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo tún tì í, mo gbọ́ bí irin ṣe ń dún nínú ihò rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan dìde kíákíá nínú yàrá.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Bọ̀sẹ̀dé. Mo fẹ́ wá kàwé."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀, kò ṣí i. Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rẹlẹ̀.

"Ìwọ àti ta ni?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.